Sáfà ilé lẹ́sìn kan l'Àkúrẹ́: bí SSD ṣe wá lọ́ra ju hard disk lọ, àti ohun tí mo ṣe sí i

Mọ́ńdè

Aago méje àárọ̀ ò tíì lù tí fóònù mi fi dún. Màmá tó ni ilé lẹ́sìn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yẹ́mẹ́kun ni, ibi tí àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà dánra wò kí ọjọ́ ìdánwò gan-an tó dé. "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè máa bọ̀, ẹ̀rọ yìí fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́." Wọ́n ní Sátidé tó kọjá ọmọ 110 ló jókòó, gbogbo wọn tẹ Start lẹ́ẹ̀kan náà, bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe dúró gbagidi nìyẹn, ọmọ á tẹ ìdáhùn, á tó ogún sẹ́kọ́ńdù kó tó ṣí ìbéèrè kejì, ó lé àwọn míì jáde pátápátá, ìgbà tí wọ́n fi máa padà wọlé ìdáhùn márùn-ún mẹ́fà ti pòórá. Ọmọ tó ń bá aago sáré ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí o. Ó dùn mí, torí èmi náà ti jókòó sórí irú àga yẹn rí.

Ohun tó tún ń bí Màmá nínú ni pé oṣù méje sẹ́yìn ni wọ́n náwó sí sáfà yìí, kọ̀ǹpútà ńlá tí kọ̀ǹpútà gbogbo àwọn ọmọ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ló gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n yọ hard disk, dísìkì tó ń yí, kúrò, kí wọ́n ki SSD, dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, bọ̀ ọ́, pé ó máa yá bí àṣá. Ó sì yá lóòótọ́, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wá burú ju hard disk tí wọ́n yọ lọ. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu èèyàn tó pọ̀ l'Àkúrẹ́ níbí àti l'Oǹdó, pé SSD ò dáa fún sáfà, ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo ohun tí mo ṣe sílẹ̀ nìyẹn, kí ẹni tó bá wà nídìí irú iṣẹ́ yìí lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún wà gan-an.

Ohun tí mo bá ńlẹ̀: sáfà tòkunbọ̀, èyí tó ń dúró lóòró, CPU Xeon E5 kan, RAM 32GB, káàdì RAID kan (ohun tó ń so dísìkì púpọ̀ pọ̀ bí ọ̀kan), SSD 480GB kan ṣoṣo ló so mọ́ káàdì yẹn. Kan ṣoṣo o, kò ní ìkejì. Ubuntu Server (irú Linux kan) ló wà lórí ẹ̀, MySQL tó ń tọ́jú dátà, àti sọ́fúwéà ìdánwò tí wọ́n fi PHP kọ. Hard disk àtijọ́ méjì, 1TB 1TB, wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì, eruku ọyẹ́ ti bò wọ́n.

Mo ní kí ọmọkùnrin tó ń bójú tó yàrá kọ̀ǹpútà kó ogójì ọmọ jókòó kí wọ́n ṣe bí ẹni ń ṣe ìdánwò, mo wá ṣí iostat -xm 1, àṣẹ Linux tó ń fi iṣẹ́ dísìkì hàn, mo ń wò ó. CPU ò ṣe nǹkan kan, kò lò tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára ẹ̀. RAM ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ. Dísìkì nìkan ló ń sunkún: %util, bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe dí tó, dúró sí 100 kò sọ̀ rárá, w_await, àkókò tí ìkọ̀wé kan fi ń dúró, lọ sí 400, ó bọ́ sí 30, ó tún fò lọ sí 900. Mílísẹ́kọ́ńdù ni o, lórí SSD, ohun tó yẹ kó parí ìkọ̀wé kékeré kan kí mílísẹ́kọ́ńdù kan tó pé. Ibi tó wá jọ mí lójú jù ni wMB/s. Mẹ́gábáìtì mẹ́ta péré ló ń kọ ní sẹ́kọ́ńdù kan. Wọ́n kọ 500 sára páálí ẹ̀, mẹ́ta sì ti fẹ́ pa á.

Mẹ́ta yẹn gan-an ò tún yé mi. Ogójì ọmọ tó ń tẹ A, B, C, D, wọn ò lè kọ mẹ́gábáìtì mẹ́ta ní sẹ́kọ́ńdù kan, ìdáhùn ọmọ kan ò tó báìtì igba. Ẹlòmíì wà nínú ilé yìí tó ń kọ̀wé.

Túsìdeè

iotop, àṣẹ tó ń fi ẹni tó ń lo dísìkì hàn, ló tú u fó. Sọ́fúwéà CCTV ni. Kámẹ́rà mẹ́jọ wà nínú ilé náà, ẹni tó fi SSD sí i ló darí fídíò gbogbo wọn síbẹ̀, torí ó rò pé ohun tó bá yá ló yẹ kí gbogbo nǹkan máa lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ń rán mẹ́gábíìtì 2 ní sẹ́kọ́ńdù, mẹ́jọ á jẹ́ 16, tí a bá fi 8 pín in ó di mẹ́gábáìtì 2. Ọjọ́ kan ní sẹ́kọ́ńdù 86,400, nítorí náà fídíò tó ń wọ SSD yẹn lójúmọ́ sún mọ́ 173GB. Lọ́dún kan ó di 63TB. Ohun tí ẹni tó ṣe SSD náà fọwọ́ sí pé ó lè gbà kó tó gbó ni 120TB. Ìyẹn ni pé kí ọdún kejì tó pé fídíò ẹnu géètì nìkan á ti jẹ gbogbo ẹ̀mí ẹ̀ tán, ká má tíì dárúkọ iṣẹ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí mo fi smartctl, àṣẹ tó ń bi dísìkì léèrè bí ara ẹ̀ ṣe rí, wò ó, ó ní òun ti lò tó ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún, lóṣù méje péré.

Ó tún kún dé ọrùn, 97%, torí fídíò tuntun ń lé ti àtijọ́ jáde láìsinmi. Màmá tiẹ̀ sọ pé àwọn ṣàkíyèsí pé fídíò ọjọ́ méjì péré làwọn ń rí, àwọn rò pé bí CCTV ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo SSD láìmọ bó ṣe ń kọ̀wé. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní South Gate FUTA nìyí. Inú SSD dà bí ìwé ńlá tó pọ̀, ìwé kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé púpọ̀. Ó lè kọ nǹkan sí ojú ewé kan ṣoṣo, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n kò lè kọ òmíràn lé ohun tó ti wà níbẹ̀ lórí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa á rẹ́, kò sì lè pa ojú ewé kan rẹ́, odidi ìwé ló ń pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Tí ojú ewé ogún bá ṣì wúlò nínú ìwé yẹn ńkọ́? Ó máa kọ́kọ́ dà wọ́n kọ sínú ìwé míì, kó tó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Nítorí náà ẹ ní kó kọ ojú ewé kan, òun á kọ mọ́kànlélógún. Tí ibi òfo bá pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, iṣẹ́ yìí rọrùn, ó ń ṣe é nígbà tí ẹnikẹ́ni ò pè é. Tó bá kún dé 97%, ńṣe ló dà bí ẹni tó fẹ́ tún yàrá ṣe tí kò sí ibi tó máa gbé ẹrù sí, ó ń gbé e láti igun kan lọ sí igun kejì, ìwọ sì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

TRIM ló yẹ kó gbà á sílẹ̀. TRIM ni Linux fi ń sọ fún SSD pé fáìlì yìí, mo ti pa á rẹ́, má gbé e kiri mọ́. Mo tẹ lsblk -D, mo rí òdo lábẹ́ DISC-GRAN, ìyẹn ni pé TRIM ò lè kọjá. Káàdì RAID àárín wọn ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn kọjá rárá. Fún oṣù méje gbáko, SSD yẹn ń gbé òkú fídíò kiri bí ohun tó ṣì wúlò.

Mo yọ ọ́, mo ṣí ìkarahun ẹ̀ wò. Chip flash mẹ́rin, kọ̀ńtúrólà kan, ó tán. Kò sí DRAM, ìyẹn RAM tiẹ̀ fúnra ẹ̀. Irú QLC ni, bíìtì mẹ́rin nínú sẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀lì kékeré yẹn gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìpele iná 16. Kó lè dà bí ẹni pé ó yá, ó ní ibì kan tó ti ń kọ bíìtì kan péré sí sẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ló ń gba ohun tó bá kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ló máa wá kó o lọ sí ibi tòótọ́. 500 tó wà lára páálí, ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Bí dísìkì bá ṣe ń kún ni ibẹ̀ ń kéré sí i. CCTV ò sì fún un láyè ìsinmi ní wákàtí 24, a jẹ́ pé kò rí àyè kó ẹrù kúrò níbẹ̀ rí.

Túsìdeè, alẹ́

Mo ti dá CCTV dúró. Mo wá yíjú sí sọ́fúwéà ìdánwò náà, torí mo mọ̀ pé CCTV nìkan kọ́. Mo ka kóòdù ẹ̀. Ní gbogbo sẹ́kọ́ńdù méjì, kọ̀ǹpútà ọmọ kọ̀ọ̀kan ń rán ìṣẹ́jú tó kù fún un sí MySQL. 110 pín sí méjì, 55 ní sẹ́kọ́ńdù kan. Session PHP náà, àkọsílẹ̀ ọmọ tó ti wọlé, inú MySQL ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, 55 míì nìyẹn. Ìdáhùn àwọn ọmọ tún wà lórí ẹ̀. Gbogbo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló jẹ́ commit, commit kọ̀ọ̀kan sì ń sọ fún dísìkì pé, má kàn gbà á lọ́wọ́ mi o, kọ ọ́ sílẹ̀ gan-an, kó o tó dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni fsync. binlog, ibi tí MySQL ń kọ gbogbo àyípadà sí, náà ń ṣe tiẹ̀, torí sync_binlog wà ní 1. Wọ́n ń wá fsync bíi igba àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní sẹ́kọ́ńdù kan.

Hard disk tó ń yí ìgbà 7200 ní ìṣẹ́jú kan ń yí ìgbà 120 ní sẹ́kọ́ńdù kan, mílísẹ́kọ́ńdù 8.3 fún yíyí kan. Ẹ ò rí i pé kò lè ṣe igba láéláé, àfi tí káàdì RAID bá bá a gbà á pamọ́. Káàdì yìí sì lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní bátìrì tiẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì náà ti kú tipẹ́, tí bátìrì bá sì ti kú káàdì kì í dá nǹkan gbà mọ́, tààrà ló ń jù ú sí dísìkì. Ìdí àkọ́kọ́ tí hard disk wọn fi lọ́ra nìyẹn o, kí wọ́n tó máa lọ ra SSD! Bátìrì kékeré ni ìbá kọ́kọ́ gbà wọ́n. Ó dùn mí nígbà tí mo rí i, ẹni tó bá fẹ́ tún ẹ̀rọ oníṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ wo ohun tó ń ṣe é kó tó dárúkọ ohun tí wọ́n máa rà.

Mo fi fio, sọ́fúwéà tó ń wọn bí dísìkì ṣe yá tó, wọn gbogbo ẹ̀, ìkọ̀wé 4k, ọ̀kọ̀ọ̀kan, fsync lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Hard disk àtijọ́: 52 ní sẹ́kọ́ńdù. SSD náà bí mo ṣe bá a, tó kún, tí mo tún jẹ́ kí CCTV máa lọ: 38. Ẹ wò ó, kì í ṣe ẹnu lásán, ó lọ́ra ju hard disk lọ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà mo fi secure erase nù ún nù pátápátá, mo so ó mọ́ motherboard tààrà láìsí káàdì: 640. Ó sàn púpọ̀. Màmá ní ṣé a ò lè lò ó bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ n dán nǹkan kan wò lọ́la mà.

Wẹ́sìdeè

Ìdánwò wáyà iná nìyí. Mo kọ sikíríìpù kékeré kan sórí láptọ́ọ̀pù mi, ó ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí sáfà, 1, 2, 3, sáfà á kọ ọ́ sí dísìkì, á ṣe fsync, tí dísìkì bá ti dáhùn pé òun ti kọ ọ́, sáfà á sọ fún láptọ́ọ̀pù, láptọ́ọ̀pù á wá kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ tiẹ̀. Bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, mo fa wáyà iná sáfà yọ. Tó bá tàn padà mo máa fi nọ́ńbà tó kẹ́yìn lórí láptọ́ọ̀pù wé èyí tó wà lórí dísìkì. Tí dísìkì bá jẹ́ olóòótọ́, kò gbọdọ̀ sí ìkankan tó dínkù.

Ìgbà àkọ́kọ́ gbogbo ẹ̀ pé. Ìgbà kejì, 37 ò sí níbẹ̀. Ìgbà kẹta, 212 ti lọ, Linux ò sì fẹ́ gbé dìde, àfi ìgbà tí mo ṣe fsck, àṣẹ tó ń tún fáìlì tó dàrú ṣe. Mo pe Màmá kí wọ́n wá wò ó fúnra wọn. Mo ní ẹ̀ ń wò ó mà, dísìkì yìí sọ fún sáfà pé òun ti kọ nǹkan 212, kò sì tíì kọ ọ́. Ìdáhùn àwọn ọmọ tó pòórá ní Sátidé kọ́ nìkan, ẹ rántí oṣù tó kọjá tí ẹ ní èsì ọmọ méjìlá dàrú lẹ́yìn tí wọ́n mú iná lọ.

Mo fi alájọ ṣàpèjúwe fún wọn, wọ́n sì gbà á kíá. Alájọ méjì ló wà ní Ọjà Ọba. Ọ̀kan ń gba owó ẹ, á ní "mo ti kọ ọ́ o," ṣùgbọ́n orí ló kọ ọ́ sí, ó fẹ́ délé kó tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó yá, kì í dá ẹ dúró. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣe é lọ́nà, owó ẹ ti wọgbó. Èkejì ń kọ ọ́ sórí káàdì lójú ẹ, ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn ẹ balẹ̀. SSD olówó pọ́ọ́kú lè ṣe bí ti àkọ́kọ́, tàbí kó ṣòótọ́ kó wá máa lọ́ra bí èkejì. SSD tí wọ́n ṣe fún sáfà dá yàtọ̀ sí méjèèjì: orí ló kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sí lóòótọ́, ìyẹn DRAM, ìdí tó fi yá nìyẹn, ṣùgbọ́n kàpásítọ̀ wà lára pátákó ẹ̀ tó fi iná pamọ́. Tí iná bá lọ lójijì, iná inú kàpásítọ̀ yẹn á gbé e fún àkókò díẹ̀ tó máa fi da gbogbo ohun tó wà nínú DRAM sínú flash kó tó sùn. Nítorí náà tó bá ní òun ti kọ ọ́, ó ti kọ ọ́ náà nìyẹn. Power loss protection ni wọ́n ń pè é, PLP.

Fún èmi o, ní ìlú tí a wà yìí, tí iná ń lọ tó ń bọ̀, tí wọ́n ń gbé e láti ínfátà sí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tún ń gbé e padà, PLP ni ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń béèrè kí n tó béèrè pé mélòó ni MB/s ẹ̀. Àwọn kan máa ní UPS wà. UPS wà lóòótọ́, bátìrì UPS náà ń kú, ẹsẹ̀ ń kọ wáyà, power supply ń jóná nínú sáfà, gbogbo ìyẹn ni UPS ò ní mọ̀ sí.

Tọ́sìdeè

Àríyànjiyàn ọjà. Ọmọkùnrin yàrá kọ̀ǹpútà, ọmọ tó mọṣẹ́ ni o, ó ní "Bọ̀dá, ẹ ò ṣe jẹ́ ká ra NVMe, 3,500MB/s ni." NVMe ni irú SSD tó ń gba ọ̀nà tó yá ju SATA, ọ̀nà àtijọ́, lọ. Mo ní wá ká jọ wò ó. Switch tó wà nílé yìí, gígábíìtì kan ni, kò lè gbé ju nǹkan bíi 118MB/s kọjá sọ́dọ̀ gbogbo ọmọ pọ̀. Dátàbéèsì náà lódindi ò tó 6GB, RAM nìkan gbà á tán, MySQL kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ka dísìkì tó bá ti gbóná. Ohun tó ń dá wa dúró ni fsync kéékèèké, NVMe láptọ́ọ̀pù tí kò ní kàpásítọ̀ ò sì yá níbẹ̀ bí páálí ṣe ń wí, SATA àtijọ́ tó ní PLP lè fi í sílẹ̀ sẹ́yìn dáadáa. Sáfà yìí ò tiẹ̀ mọ bí a ṣe ń gbéra láti orí NVMe, BIOS ẹ̀, sọ́fúwéà tó ń jí i dìde, ti dàgbà jù. Ó rò ó, ó ní òótọ́ ni.

Ohun tí mo yàn ni SSD sáfà Intel DC S3700, 400GB, méjì, tòkunbọ̀. Ọdún 2012 ni wọ́n gbé e jáde, ó ti pẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n MLC ni, bíìtì méjì péré nínú sẹ́ẹ̀lì, ó ní kàpásítọ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé èèyàn lè kọ ọ́ kún nígbà mẹ́wàá lójúmọ́ fún ọdún márùn-ún. 400GB lọ́nà mẹ́wàá, lọ́nà 365, lọ́nà márùn-ún: 7,300TB. Ẹ fi wé 120TB ti àkọ́kọ́. Owó méjèèjì ò sì tó owó NVMe tuntun kan tí ọmọ yẹn ń wò.

Ọwọ́ ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti rà wọ́n ní Computer Village Ìkẹjà, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Dísìkì méjì tó jọ kúrò nínú sáfà kan náà, tí wákàtí iṣẹ́ wọn dọ́gba, lè kú lọ́jọ́ kan náà. Ní 2019 HPE, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sáfà, kéde pé àwọn SSD SAS kan lọ́dọ̀ àwọn máa dákẹ́ pátápátá tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí 32,768, ìyẹn ọdún mẹ́ta àti ọjọ́ 270 àti wákàtí mẹ́jọ, àfi kéèyàn yí firmware wọn, sọ́fúwéà inú wọn, padà. Ẹni tó bá tan dísìkì mẹ́rin lọ́jọ́ kan náà nínú RAID, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa lọ pọ̀. Látìgbà tí mo ti kà á ni mo ti ń da dísìkì pọ̀.

Kí n tó sanwó mo ní kí wọ́n ya smartctl méjèèjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ohun tí mo ń wò níbẹ̀: Media_Wearout_Indicator, ẹ̀mí tó kù fún un, 100 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan wà ní 96 èkejì ní 93. Power_Loss_Cap_Test, torí kàpásítọ̀ náà ń darúgbó, dísìkì yìí sì ń dán tiẹ̀ wò fúnra ẹ̀. Host_Writes_32MiB, iye tí wọ́n ti kọ sí i, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 9,200,000, ẹ fi 32MiB sọ ọ́ di púpọ̀, bíi 309TB nìyẹn, kò tíì tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó lè gbà. Ọkọ̀ gba Ọ̀rẹ̀ gba Oǹdó, ẹrù dé gáréèjì l'Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Fúráìdeè

Iṣẹ́ tiẹ̀ ò pẹ́. Mo yọ káàdì RAID kúrò pátápátá. Motherboard yìí, chipset C600 ló wà lórí ẹ̀, pọ́ọ̀tù SATA mẹ́fà, méjì péré ló jẹ́ 6Gb/s, mẹ́rin tó kù 3Gb/s ni. Àwọ̀ wọn yàtọ̀, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́. Mo yí BIOS sí AHCI, mo fi férémù kékeré gbé SSD méjèèjì sínú àyè hard disk ńlá, mo fi mdadm, RAID ti Linux fúnra ẹ̀, so wọ́n pọ̀ ní RAID 1, ohun kan náà ló ń kọ sí méjèèjì, ext4, ètò fáìlì Linux, lórí ẹ̀. lsblk -D ti ń fi nọ́ńbà hàn báyìí, fstrim.timer ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

fio: 9,600. Mo tún un ṣe nígbà mẹ́ta kó lè dá mi lójú. Láti 38 sí 9,600, àwọn ọmọ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pariwo. Mo wá fa wáyà iná yọ, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ̀ẹ̀mẹwẹ̀ẹ̀wá ni nọ́ńbà tó wà lórí láptọ́ọ̀pù bá ti dísìkì mu, ìkankan ò dínkù.

Ẹnì kan ní kí n sọ innodb_flush_log_at_trx_commit, ètò MySQL tó ń sọ ìgbà tó máa ṣe fsync, di 2 kó tún lè yá sí i. Mo kọ̀. 2 túmọ̀ sí pé tí iná bá lọ, iṣẹ́ bíi sẹ́kọ́ńdù kan lè bá a lọ, nínú sẹ́kọ́ńdù kan sì ni 110 ọmọ lè ti tẹ ìdáhùn. A ti rí dísìkì tó lè ru 1, ìyẹn fsync fún gbogbo commit, ẹ jẹ́ ó wà ní 1. Ohun tí mo yí padà ni sọ́fúwéà: session ti kúrò nínú MySQL, ó ti bọ́ sínú RAM, ìṣẹ́jú tó kù sì ń wọlé ní sẹ́kọ́ńdù mẹ́wàá mẹ́wàá. Ìyẹn nìkan ti gé ìdá tó pọ̀ jù lára iṣẹ́ náà kúrò, èèyàn ò gbọdọ̀ fi dísìkì tó dáa bo kóòdù tó ń náwó dànù mọ́lẹ̀.

CCTV, mo ra hard disk 4TB fún un. Fídíò tó ń wọlé lẹ́sẹẹsẹ láìsinmi, tí ẹnikẹ́ni ò ní kà títí wàhálà fi máa dé, iṣẹ́ hard disk nìyẹn, ó ti ń gba ọjọ́ 23 báyìí dípò méjì.

Bákọ́ọ̀pù náà, wọ́n fẹ́ kí n fi SSD àtijọ́ yẹn ṣe é kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní rárá. SSD tí kò sí lórí iná ń gbàgbé nǹkan díẹ̀díẹ̀. Òṣùwọ̀n JEDEC, àjọ tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún chip, ni pé SSD ti ilé tó ti gbó dé òpin ẹ̀mí ẹ̀ gbọ́dọ̀ di nǹkan mú fún ọdún kan ní 30°C láìsí iná, ti sáfà oṣù mẹ́ta ní 40°C. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ ni ó ń gbàgbé kíákíá, ẹ sì mọ bí yàrá ṣe ń gbóná l'Àkúrẹ́ lóṣù kejì sí ìkẹta. Hard disk 1TB méjì tó wà lábẹ́ tábìlì ni mo nù, mo yẹ̀ wọ́n wò, ara wọn dá. Ọ̀kan ń gba bákọ́ọ̀pù lálaalẹ́, èkejì ń bá Màmá lọ sílé, ní gbogbo Fúráìdeè wọ́n ń pààrọ̀ ara wọn.

Sátidé

110 jókòó, wọ́n tẹ Start. Mo wà lẹ́yìn pẹ̀lú iostat. %util ò kọjá 3, w_await 0.2. Ọmọbìnrin kan ní ìlà kẹta na ọwọ́ sókè, mo sáré lọ, máòsì ẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wo ojú àwọn ọmọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún

Mo padà lọ wò ó. Dátàbéèsì ń kọ bíi 4GB lójúmọ́, ìyẹn TB kan àti ààbọ̀ lọ́dún lára 7,300. Wearout ṣì wà ní 96 àti 93, kò mì. Ooru SSD 41°C nígbà tí AC ń ṣiṣẹ́, 48 nígbà tó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n sì pa AC, 70 ni ààlà ẹ̀. Bátìrì UPS ti rẹ̀, ó kù ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, wọ́n ti ní àwọn máa rà á níparí oṣù.

SSD 480GB yẹn ti wà nínú láptọ́ọ̀pù ọmọbìnrin tó ń gbàlejò níwájú. Word ló ń fi tẹ̀, ó ń fi tẹ rìsíìtì, láptọ́ọ̀pù ní bátìrì tiẹ̀, TRIM ń kọjá, kò kún dé ìdajì. Ó ní kọ̀ǹpútà òun ò tíì yá báyìí rí.